Ọwọ́ Tó Mọ Ìwọ̀n Ìka

Kí alágbẹ̀dẹ wúrà tó mọṣẹ́ tó mú irinṣẹ́ kankan láti fi wọn ìka yín, yóò kọ́kọ́ di ọwọ́ yín mú. Ẹni tó bá ń kánjú lè rò pé ó ń kí òun ni. Ó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nìyẹn. Ó ń wò ó bóyá ọwọ́ náà gbóná tàbí ó tutù, bóyá ó wú, bóyá ó ń làágùn. Yóò fi àtàǹpàkò tẹ oríkèé ìka tó fẹ́ wọn, yóò tún tẹ ìdí ìka náà níbi tí òrùka yóò jókòó sí, yóò sì ti mọ ìyàtọ̀ àárín àwọn méjèèjì kí ó tó lanu sọ̀rọ̀. Ìgbà yẹn ni yóò wá béèrè ohun tó máa ń ya àlejò lẹ́nu: "Ibo lẹ ti ń bọ̀? Àbí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ nínú mọ́tò ni?"

Ní Ọ̀rẹ̀, ìbéèrè yẹn nídìí. Kò sí ẹni tó ti gba ọ̀nà Ṣàgámù lọ sí Benin rí tí kò mọ ìlú náà. Ọ̀nà tó ti Oǹdó wá já síbẹ̀, èyí tó lọ sí Òkìtìpupa gbéra níbẹ̀. Ibẹ̀ ni olú ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Odigbó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìlú Odigbó gan-an, níbi tí Orúnjà ti ń jọba, wà lápá ọ̀nà Oǹdó. Àwọn àgbà mọ Ọ̀rẹ̀ mọ́ ogun ọdún 1967, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Biafra dé ibẹ̀ tí wọ́n sì kojú ti ìjọba àpapọ̀, títí tí "ó le kú, ìjà Ọ̀rẹ̀" fi di ohun tí gbogbo ilẹ̀ Yorùbá ń sọ. Àwa tí a dé lẹ́yìn ogun mọ̀ ọ́n mọ́ bọ́ọ̀sì tó ń dúró kí èrò jẹun. Ẹni tó bá ti jókòó sójú kan nínú irú bọ́ọ̀sì bẹ́ẹ̀ láti Èkó, ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò ti wú díẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ náà yóò sì ti wú. Bí a bá wọn ìka rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, òrùka tí a bá rọ fún un yóò máa yọ̀ bọ́ nígbà tó bá délé tó sinmi. Ìdí nìyí tí oníṣẹ́ náà fi ń ní kí ó jókòó ná, kí ó mu omi, kí ó gbé ọwọ́ lé orí tábìlì, kí ara rẹ̀ rọlẹ̀. Yóò máa ṣe iṣẹ́ mìíràn lọ, kò ní pariwo. Ẹni tí kò mọ̀dí á ní wọ́n ń fi àkókò òun ṣòfò.

Òrùka kì í yí padà. Ìka ló ń yí padà, kò sì sí ìka tó dúró lójú kan láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Bí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, ó lè wú fẹ́ẹ́. Bí òtútù bá mú un, á sún kì. Bí oòrùn bá pa á, bí ẹni náà bá jẹ oúnjẹ tí iyọ̀ pọ̀ nínú rẹ̀, bó bá rìn jìnnà tí apá rẹ̀ ń fì lọ fì bọ̀, á tún wú. Obìnrin tó wà nínú oyún mọ ọ̀rọ̀ yìí ju gbogbo wa lọ: òrùka tó ń yí gbirigbiri lọ́wọ́ rẹ̀ ní oṣù kejì lè di ohun tí kò ṣeé bọ́ ní oṣù kẹjọ. Ohun tí oníṣẹ́ yìí ń wá nígbà tó di ọwọ́ yín mú, òun ni pé, nínú gbogbo ìrísí tí ìka yín ń ní lóòjọ́, èwo ni òrùka yóò bá gbé jù lọ? Mo ti ń wo iṣẹ́ ọwọ́ oríṣiríṣi, mo sì gbà pé ibí yìí ni ọgbọ́n wíwọn ìka wà. Rúlà kò lè dáhùn ìbéèrè yẹn. Ọwọ́ tó ti di ọwọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn mú ló lè dáhùn rẹ̀.

Irinṣẹ́ rẹ̀ kò pọ̀. Ó ní àwọn òrùka ìdánwò, irin tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tí a sín pọ̀ sórí wáyà kan, tí nọ́ńbà wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ní ọ̀pá irin kan tó tẹ́ẹ́rẹ́ lórí tó ń nípọn lọ sídìí, tí a fín ìlà àti nọ́ńbà sí lára, òun ni a ń ti òrùka bọ̀ láti mọ bó ṣe fẹ̀ tó. Ṣùgbọ́n ẹ wo bó ṣe ń lo àwọn òrùka ìdánwò yẹn. Kì í bẹ̀rẹ̀ látorí èyí tó há. Èyí tó tóbi ju ohun tí ojú rẹ̀ ti rí lọ ló ń kọ́kọ́ mú, á sì máa bọ̀ nísàlẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bó bá ti bẹ̀rẹ̀ látorí èyí tó há, tó sì fi ipá tì í kọjá oríkèé, oríkèé náà á wú, gbogbo ohun tó bá wọ̀n lẹ́yìn ìyẹn á sì di irọ́. Bí ó ti ń sọ̀ kalẹ̀ ni yóò máa wo ojú yín dípò ìka yín. Òrùka tó bá yín mu yóò kọjá oríkèé pẹ̀lú ìjà díẹ̀, yóò jókòó láìfún ẹran ara, bí ẹ bá sì fẹ́ bọ́ ọ, ẹ ní láti yí i díẹ̀ kó tó jáde. Lẹ́yìn náà á ní kí ẹ di ẹ̀ṣẹ́. Á ní kí ẹ na ọwọ́ sísàlẹ̀, kí ẹ gbọ̀n ọ́n. Bí kò bá bọ́, tí kò sì ta yín, a jẹ́ pé ó kù díẹ̀, nítorí yóò tún fi í sílẹ̀ lọ́wọ́ yín, yóò máa bá yín sọ̀rọ̀ ọjà àti ọ̀rọ̀ ọ̀nà tó bàjẹ́, kí ìka lè gbàgbé pé a ń wọn òun.

Èyí tí mò ń sọ yìí ni ohun tó dára jù lọ. Ẹni tó bá lè dé ọ̀dọ̀ irú oníṣẹ́ bẹ́ẹ̀, kí ó lọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo èèyàn ló lè lọ. Ẹni tó wà ní Àjúè tàbí Àràròmí-Òbu, tó fẹ́ ra òrùka lọ́wọ́ ẹni tó ń tajà lórí fòònù ní Èkó, tí dírébà yóò sì bá a gbé e wá pẹ̀lú wébíìlì, ilé rẹ̀ ló ti máa wọn ìka. Ó ṣeé ṣe dáadáa nílé, bí a bá ṣe é pẹ̀lú sùúrù tí oníṣẹ́ yẹn ń fi ṣe é.

Bébà ni kí ẹ lò, bébà lásán, irú èyí tí ọmọ iléèwé ń kọ̀wé sí. Èmi ò fọkàn tán òwú. Òwú ń nà bí a bá fà á, ó ń lọ́, ó sì ń rì sínú ẹran ara, kálukú ló sì ní bó ṣe ń fà á. Téèpù aránṣọ náà kò dára fún un, nítorí ó nípọn, ó le, kì í lẹ̀ mọ́ ohun tó kéré tó ìka. Ẹ fi àlùmọ́gàjí gé bébà náà ní tẹ́ẹ́rẹ́, kí ó gùn tó ìka àárín yín, kí etí rẹ̀ méjèèjì gún. Ẹ jẹ́ kí fífẹ̀ rẹ̀ bá fífẹ̀ òrùka tí ẹ fẹ́ rà dọ́gba. Mo máa tó sọ ìdí rẹ̀. Ẹ wé e mọ́ ìdí ìka, kí ó lẹ̀ mọ́ ara láìfún un, kí ó ṣeé yí. Níbi tí orí bébà ti gun ara wọn, ẹ fi báírò fa ìlà kan ṣoṣo tó tẹ́ẹ́rẹ́ tó máa gba orí bébà méjèèjì kọjá. Ẹ tú u, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbọọrọ, ẹ gbé rúlà lé e, kí ẹ ka mìlímítà tó wà láàárín ìlà méjèèjì. Ohun tí ẹ rí yẹn ni yíyípo ìka yín. Bí ẹ bá pín in sí ọ̀nà 3.14, ẹ ó mọ ìbú ihò òrùka náà.

Àwọn kan ní ọ̀nà tó rọrùn jù lọ ni kí a gbé òrùka tí a ti ní tẹ́lẹ̀ sórí rúlà, kí a wọn ihò rẹ̀ láti etí dé etí. Ó rọrùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ṣírò ewu inú rẹ̀. Ní ìlànà nọ́ńbà ti Amẹ́ríkà, tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ta òrùka lórí íntánẹ́ẹ̀tì ń lò, ìyàtọ̀ láti nọ́ńbà kan sí èyí tó tẹ̀ lé e nínú ìbú ihò kò ju 0.81 mìlímítà lọ. Ìyàtọ̀ yìí kan náà nínú yíyípo jẹ́ nǹkan bíi 2.55 mìlímítà. Ẹni tó bá ṣi ìbú kà pẹ̀lú mìlímítà kan péré ti ṣì ju odidi nọ́ńbà kan lọ. Ẹni tó bá ṣi yíyípo kà pẹ̀lú mìlímítà kan kò tíì ṣì tó ìdajì nọ́ńbà. Ojú wa kan náà ni, rúlà kan náà ni, àṣìṣe kan náà ni. Bébà tí a wé mọ́ ìka ń dárí jì wá, ihò òrùka kì í dárí jini. Ohun tó jẹ́ kí n fi bébà ṣáájú nìyẹn. Bó bá sì di dandan láti wọn òrùka tó wà nílẹ̀, inú ihò ni kí ẹ wọ̀n, ẹ má fi kún irin tó yí i ká, kí ẹ sì wọ̀n ọ́n ní ọ̀nà bíi mẹ́ta, nítorí òrùka tí a ti ń fi ṣiṣẹ́ fún ọdún púpọ̀ kì í rí róbótó mọ́.

Ẹ̀ẹ̀kan kò tó. Ẹ wọ̀n ọ́n lọ́sàn-án, ẹ tún wọ̀n ọ́n lálẹ́, kí ẹ tún ṣe é lọ́jọ́ mìíràn. Àárọ̀ kùtùkùtù kò dára, kò sì dára lẹ́yìn tí ẹ bá ti fọ aṣọ tàbí gúnyán. Ọjọ́rọ̀, nígbà tí ara ti gbóná tó bó ṣe máa ń gbóná, tí a sì ti sinmi, ni ìka máa ń sọ òótọ́ jù.

Ọ̀rọ̀ ọyẹ́ wá ń kọ́? Oṣù Kejìlá ni ìgbéyàwó máa ń pọ̀ jù lọ́dọ̀ wa, nítorí àwọn ọmọ ti wálé láti Èkó àti òkè òkun. Ìgbà yẹn gan-an ni ọyẹ́ ń fẹ́, tí awọ ara ń gbẹ, tí ọwọ́ ń sún kì láàárọ̀. Òrùka tí a wọ̀n láàárọ̀ ọyẹ́, tó bá ìka mu rẹ́gí lọ́jọ́ ìgbéyàwó, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fún ìka náà nígbà tó bá di oṣù Kẹta, tí ooru inú igbó wa bá dé tí afẹ́fẹ́ sì kún fún omi. Alágbẹ̀dẹ tó bá mọ ojú ọjọ́ ìlú rẹ̀ yóò fi díẹ̀ sí i fún àwọn tó wọn ìka nínú ọyẹ́, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Ìwé tí wọ́n kọ ní ìlú òtútù kò lè kọ́ ọ ní ìyẹn. Ọdún tó ti ń gbé nínú ooru yẹn ló kọ́ ọ.

Ọwọ́ àwọn ènìyàn agbègbè yìí tún ní ìtàn tirẹ̀. Ilẹ̀ kòkó ni, ilẹ̀ ọ̀pẹ ni, igi gẹdú ti gba ibẹ̀ kọjá tipẹ́tipẹ́. Lápá ọ̀nà Òkìtìpupa, láàárín àwọn Ìkálẹ̀, ẹ ó rí obìnrin tó ti ń fún ẹ̀gẹ́, tó ti ń mọ púpurú láti ìgbà ọmọge rẹ̀. Ọwọ́ tó ti di àdá mú fún ogún ọdún, oríkèé rẹ̀ á ti tóbi. Ìdí ìka kò bá a tóbi. Irú ìka báyìí ni ìdánwò gidi fún ẹni tó ń wọn ìka, òun náà ló sì ń mú kí n bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ yìí. Òrùka tó bá ìdí ìka mu kò ní kọjá oríkèé. Èyí tó bá kọjá oríkèé wọ́ọ́rọ́wọ́ á dé ìdí ìka, á máa yí, òkúta orí rẹ̀ á dorí kodò sínú àtẹ́lẹwọ́.

Nílé, ẹ wọn ibi méjèèjì. Ká ní ìdí ìka jẹ́ 54 mìlímítà, oríkèé sì jẹ́ 59. Ẹ má mú 54, ẹ má sì mú 59. Ẹ mú nǹkan bíi 57, èyí tó sún mọ́ oríkèé díẹ̀, nítorí òrùka tí kò bá lè wọlé kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Lọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ, ọgbọ́n tó jù bẹ́ẹ̀ lọ wà. Yóò rọ òrùka náà ní ìwọ̀n oríkèé, yóò wá jó èkùrọ́ wúrà wẹ́wẹ́ méjì mọ́ inú rẹ̀ nísàlẹ̀, èyí tí kò tóbi ju orí abẹ́rẹ́ olórí lọ. Bí òrùka bá ń kọjá oríkèé, awọ ibẹ̀ á yẹ̀ fún wọn. Bó bá jókòó tán, àwọn èkùrọ́ yẹn á di ìdí ìka mú, òrùka á dúró. Kò sí ẹni tó máa rí wọn. Ìyá àgbà tó ti fi ọwọ́ rẹ̀ bọ́ ọmọ méje á wọ òrùka tó dúró gbagidi, á sì rò pé bí gbogbo òrùka ṣe máa ń rí nìyẹn. Mo ka irú iṣẹ́ tí ẹni tó ń jẹ àǹfààní rẹ̀ kò mọ̀ pé a ṣe é sí iṣẹ́ tó ga jù.

Mo ní mo máa sọ ti fífẹ̀. Òrùka tó tẹ́ẹ́rẹ́ ń gba ibi kékeré lára ìka, ẹran ara á yẹ̀ fún un lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Èyí tó fẹ̀ tó mìlímítà 6 tàbí 8, irú èyí tí àwọn ọkọ ìyàwó ń fẹ́ báyìí, ń bo ibi púpọ̀, ẹran ara kò ríbi yẹ̀ sí, ó sì ń há. Fún ìka kan náà, òrùka tó fẹ̀ nílò ààyè sí i, nǹkan bí ìdajì nọ́ńbà, nígbà mìíràn odidi kan. Bí bébà tí ẹ fi wọ̀n bá fẹ̀ tó òrùka náà, apá kan nínú ìyàtọ̀ yìí á ti wọnú ìwọ̀n fúnra rẹ̀. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́.

Ó tún kù síbi kan tí ìwọ̀n tó dára ti máa ń bàjẹ́: nígbà tí a bá fẹ́ sọ ọ́ fún ẹlòmíràn. Àbúrò wà ní Peckham, ó fẹ́ ra òrùka fún ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ọ̀rẹ̀. Wọ́n sọ fún un pé "mẹ́jọ ni." Ó dé ṣọ́ọ̀bù ní London, lẹ́tà ni wọ́n ń lò níbẹ̀, láti A dé Z, ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ 1.25 mìlímítà nínú yíyípo. Mẹ́jọ ti Amẹ́ríkà bọ́ sáàárín P àti Q. Bó bá tún dé ilẹ̀ Faransé tàbí Jámánì, nọ́ńbà mìíràn ló máa bá níbẹ̀. Àjọ tó ń gbé ìlànà kalẹ̀ fún gbogbo ayé, ISO, ti wá nǹkan ṣe sí i láti 1986 nínú ìlànà tí wọ́n pè ní ISO 8653, tí wọ́n tún ṣe ní 2016: yíyípo inú òrùka ní mìlímítà ni kí ó jẹ́ nọ́ńbà rẹ̀. Lójú tèmi, òun ló bójú mu jù, nítorí ohun tí bébà àti rúlà sọ fún yín nílé yín náà ni nọ́ńbà ọ̀hún. Bí ẹ bá fi 57 mìlímítà ránṣẹ́ sí Peckham, sí Houston, sí Cotonou, oníṣẹ́ ibẹ̀ á mọ ohun tí ẹ ń wí. Bí wọ́n bá ní nọ́ńbà Amẹ́ríkà làwọn fẹ́, ẹ mọ̀ pé 6 jẹ́ nǹkan bíi 51.9, 7 jẹ́ 54.4, 8 jẹ́ 57, 9 jẹ́ 59.5, 10 sì jẹ́ 62.1.

Kí ló dé tí mo fi ń tẹnu mọ́ mìlímítà tó báyìí? Nítorí ohun tí a fi ń ṣe òrùka ti yàtọ̀. Láyé àwọn òbí wa, wúrà àti fàdákà ló pọ̀ jù, àwọn méjèèjì sì ń gba àtúnṣe. Bí òrùka wúrà bá tóbi, alágbẹ̀dẹ á fi ayùn tẹ́ẹ́rẹ́ bíi irun gé e nísàlẹ̀, á yọ díẹ̀ kúrò. Láti mẹ́jọ sí méje, ohun tó máa yọ kò ju nǹkan bíi mìlímítà méjì àbọ̀ lọ. Bó bá há, á là á, á fi ègé wúrà tí kárátì rẹ̀ bá a dọ́gba sáàárín, nítorí bí a bá fi wúrà kárátì 14, tí nǹkan bí ìdá 58 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ jẹ́ wúrà, há àárín kárátì 18, tí ìdá 75 rẹ̀ jẹ́ wúrà, àwọ̀ wọn á tú àṣírí. Ẹ wò ó nígbà tó bá ń jó o pọ̀. Ó ń wá ibòji, kì í ṣe oòrùn, nítorí àwọ̀ tí irin ń ní bó ti ń gbóná ni ó fi ń mọ ibi tí iná dé. Wúrà gidi ń yọ́ ní nǹkan bí 1,064 lórí ìwọ̀n Celsius. Wúrà tí a fi ń lẹ̀ ẹ́ pọ̀ gbọ́dọ̀ yọ́ ṣáájú ìyẹn. Àkókò tí ọ̀kan ti yọ́ tí èkejì kò tíì yọ́ kì í pẹ́ rárá. Á rí i tí ojú ibi ìsopọ̀ náà dán lójijì bí omi, á sì gbé iná kúrò. Bó bá dúró pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, òrùka ìgbéyàwó ẹni á di kókó wúrà. Lẹ́yìn náà ló máa fi fáìlì rẹ́ ẹ, tó máa fi sáńpépà tó kúnná pa á, tó máa dán an, títí tí ẹ ó fi wá ibi tí ó gé e tì. Alágbẹ̀dẹ tó ń lu irin lójú kan, ó ní ohun tó fẹ́ yọ níbẹ̀.

Àmọ́ sítíìlì àti tungsten ló kún ọjà báyìí, wọn ò wọ́n, wọ́n ń dán, wọn kì í tètè họ. Alágbẹ̀dẹ kò lè gé tungsten kó tún lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Bí a bá fi agbára fún un, ńṣe ló máa fọ́. Sítíìlì náà kì í gba àtúnṣe bíi wúrà. Òrùka tí òkúta yí ká tán kò ní ibi tí a lè gé. Fún gbogbo irú ìwọ̀nyí, ìwọ̀n àkọ́kọ́ ni ìwọ̀n ìkẹyìn. Ẹni tó bá fẹ́ ra wọn lórí fòònù gbọ́dọ̀ wọn ìka rẹ̀ bí ẹni pé kò sí àtúnṣe, nítorí kò sí i lóòótọ́. Wúrà, ní tirẹ̀, kò jìnnà sí wa: wọ́n ti ń wà á nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà láti ayé àwọn òyìnbó amúnisìn, iléeṣẹ́ ìwakùsà Segilola ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sì yọ́ wúrà rẹ̀ àkọ́kọ́ ní 2021. Bí ẹ bá lówó rẹ̀, wúrà ni mo máa ní kí ẹ rà, torí pé bí ìka ṣe ń yí padà láàárín ogún ọdún ìgbéyàwó, yóò ṣeé mú bá a lọ.

Ọ̀rọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò fẹ́ kí ọmọge mọ̀ pé òun fẹ́ ra òrùka yẹ kí n mẹ́nu bà. Gbogbo wa ti rí i níbi ìdána, bí alága ìjókòó ṣe máa ń ní kí ìyàwó mú ohun tó ṣe pàtàkì jù nínú ẹrù, tó máa mú Bíbélì, tí òrùka á sì wà lára rẹ̀. Kí òrùka náà má wá kọ̀ láti wọlé lójú gbogbo ẹbí. Yíyá òrùka rẹ̀ kan lọ wọ̀n ló dára jù, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ mọ ọwọ́ àti ìka tó ń wọ̀ ọ́ sí. Ọmọ ìka kò dọ́gba, ọwọ́ méjèèjì náà kò sì dọ́gba: ọwọ́ tí èèyàn fi ń ṣiṣẹ́ sábà máa ń tóbi ju èkejì lọ díẹ̀. Òrùka ìka àárín ọwọ́ ọ̀tún kò lè sọ òótọ́ nípa ìka kẹrin ọwọ́ òsì. Bí ẹ bá mú un dé ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ, á tì í bọ ọ̀pá irin rẹ̀ jẹ́ẹ́, láìfi òòlù gbá a, á ka nọ́ńbà tó dúró sí, á sì bi yín ní ìbéèrè méjì mẹ́ta nípa ọwọ́ ọmọ náà. Ẹ dá a lóhùn dáadáa.

Bí òrùka bá sì há sí ìka ẹnikẹ́ni nílé yín, ẹ má fà á. Ẹ gbé ọwọ́ sókè ju àyà lọ fún ìgbà díẹ̀, ẹ fi omi tútù sí i, kí ẹ fi ọṣẹ tàbí òróró pa á, kí ẹ máa yí i jáde. Ibí yìí ni òwú ti wúlò: a máa ń ti orí rẹ̀ gba abẹ́ òrùka, a ó wá fi ìyókù wé ìka pẹ́kípẹ́kí láti ẹ̀bá òrùka títí kọjá oríkèé, kí a tó máa tú u láti ìsàlẹ̀, tí òrùka á sì máa tẹ̀ lé e bọ̀. Bí ìka bá ti ń dúdú tàbí tó ti kú tipiri, ẹ sáré lọ sí ilé ìwòsàn, kí wọ́n gé òrùka náà. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní ibi tí wọ́n ti ń la pákó, tàbí lábẹ́ tírélà ní oríta Ọ̀rẹ̀, kí ó bọ́ tirẹ̀ sílé kó tó jáde. Ẹ̀rọ tó bá gbá òrùka mú lè fa ìka lọ.

Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ ránṣẹ́ sí oníṣẹ́, yálà ó wà ní Ọ̀rẹ̀ tàbí ó wà lókè òkun, ẹ má kàn kọ nọ́ńbà kan. Ẹ kọ yíyípo ìdí ìka ní mìlímítà, kí ẹ kọ ti oríkèé tẹ̀ lé e. Ẹ sọ ọwọ́ wo ni, ìka wo ni, àkókò wo lẹ wọ̀n ọ́n, bóyá nínú ọyẹ́ ni tàbí nínú ooru. Ẹ sọ bí òrùka náà yóò ṣe fẹ̀ tó, kí ẹ sì sọ iṣẹ́ tí ọwọ́ náà ń ṣe. Ẹni tó mọṣẹ́ yóò mọ ohun tó máa fi gbogbo rẹ̀ ṣe.